Orúkọ Àǹtí Àgbà Nínú Táìmù-Búùkù

Òórùn ìgbẹ́ àdán ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwa olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ilẹ̀kùn kíláàsì mi ti wà ní títì, àwọn àdán sì ti rí òkè àjà gbà, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé baba wọn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn náà gba inú ìbòmú àǹkárá tí mo fi bomú wọlé, òun àti òórùn ṣọ́ọ̀kì tí òjò ti rin. Déètì ọjọ́ tí a kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́yìn ṣì wà lára pátákó, pẹ̀lú ìṣirò mẹ́ta tí mo kọ fún àwọn ọmọ pírámárì túù mi. Wọ́n ti ṣe méjì. Wọn ò rí ẹ̀kẹta ṣe tán kí aago tó lù, a sì rò pé bó dọ̀la a máa parí rẹ̀. Mo mú dọ́sítà lọ́wọ́, mi ò lè pa á rẹ́. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo ń wò ó, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Bí o bá wà ní Ọ̀fà lọ́dún náà, o ò ní gbàgbé bí ìlú ṣe dákẹ́. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, lẹ́yìn ojú irin, àwọn ọmọ Póòlì ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni tiwa, ariwo rédíò àti ìjà orí omi la fi máa ń jí. Nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, gbogbo wọn kó ẹrù wọn, wọ́n gba ilé òbí wọn lọ, ó wá ku èmi nìkan àti aláǹgbá. Ọkọ mi wà ní Àbújá, òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ọ̀nà pa láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ìgbà tí wọn yóò sì fi ṣí i, òtẹ́ẹ̀lì ti ní kí wọ́n lọ sinmi ná, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìsinmi náà máa parí. Iṣẹ́ olùkọ́ mi nìkan ló ń bọ́ àwa méjèèjì. Ohùn rẹ̀ nínú fóònù ni mo fi ń mọ̀ pé mo lọ́kọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń kí ara mi kú àárọ̀ sókè, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ènìyàn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní ní ìlú náà ni Àǹtí Àgbà. Bí gbogbo àwa olùkọ́ ṣe ń pè é nìyẹn, nítorí òun ló pẹ́ jù nínú wa. Pírámárì síìsì ló ń kọ́. Opó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà l'Ékòó. Èmi ní tèmi, ọmọ Ìlọrin ni mí, Mùsùlùmí, tí wọ́n gbé wá sí ìlú tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé bọ́ sínú ààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú abọ́ ọ̀dùnkún sísè tó ṣì ń rú èéfín, ó ní, "Àbúrò mi, ẹ̀sìn rẹ ò kúkú sọ pé kí ebi máa pa ọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó bí mi.

Ikọ́ fée ń bá a jà. Ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fín sẹ́nu kì í kúrò nínú bàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí tó ń wọ́n ọn kò dí i lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ o. Ọ̀rọ̀ omi ilé ẹ̀kọ́ wa ló máa ń bá hẹ́dímásítà fà jù, nítorí olè ti jí ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi láti ọdún tó ṣáájú àrùn, kò sì sẹ́ni tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí a bá ní kó fi wọ́n sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn wọ̀yá ìjà."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé táìmù-búùkù kí n tó lọ síwájú, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìwé gbàǹgbà kan ni, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ gbogbo olùkọ́ sí láràárọ̀. Bí oníkálukú bá ti ń dé, á kọ aago tó wọlé, á sì buwọ́ lu àyè tó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, bírò pupa ni yóò fi buwọ́ lù ú, ojú á sì tì í. Ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, àṣà kan tún wà tí mi ò rí níbòmíràn. Olùkọ́ kan ti ṣubú rí nílé rẹ̀ láyé ìgbà kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Látìgbà náà, bí àyè olùkọ́ kankan bá ṣófo títí di aago mẹ́wàá, bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì á gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lọ sílé onítọ̀hún. Á kan fèrèsé, á ní, "Hẹ́dímásítà ní kí n wá wò ó bóyá ẹ wà láyé." A máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́pàá inú ni. Bí o bá sùn gbàgbé lásán, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń dún kìríìnkìríìn lójú fèrèsé rẹ ni yóò jí ọ.

Nítorí bàbá yìí gan-an la ṣe ń bá ara wa sáìnì. Bí ọmọ rẹ bá ń gbóná lára, tàbí o ní ibì kan láti yà lówùúrọ̀, o kàn máa pe ẹnì kan pé, "Jọ̀ọ́, bá mi sáìnì o," onítọ̀hún á sì bá ọ buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A ò kà á sí irọ́, inúure la kà á sí. Àǹtí Àgbà nìkan ni kì í gbà. Ó ní ibi tí òun ò bá sí, òun ò sí níbẹ̀ náà nìyẹn.

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìwọlé wa, Àǹtí Àgbà pè mí. Ó ní, "Ṣé omi ti dé síbẹ̀?" Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà. Ó ní, "Èmi ò ní í wá nígbà náà. Ọmọ àádọ́rin nínú kíláàsì kan, kò sí omi tí wọ́n máa fi fọwọ́, èmi tí èémí mi ò dúró déédéé. Mi ò tíì fẹ́ kú." Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi, mà." Ohun tó wà lọ́kàn mi, mi ò sọ ọ́ jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tábìlì kan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé táìmù-búùkù sí, kí a má baà kóra jọ sínú ọ́fíìsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onípáńpù mẹ́rin tí ìjọba kó wá wà létí ògiri, wọ́n tuntun, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n ṣófo ni gbogbo wọn. Oníkálukú á dúró jìnnà sí ẹnìkejì, á buwọ́ lùwé, á kúrò níbẹ̀. Pẹ̀lú ìbòmú tó bo gbogbo ojú, ta ló máa mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá? Mo buwọ́ lu tèmi. Mo wo àyè Àǹtí Àgbà tó ṣófo, ọkàn mi ò gbà á. Mo rò ó pé bàbá ọlọ́dẹ máa lọ, hẹ́dímásítà máa gbọ́, wọ́n á kọ ìwé kúẹ́rì sí i ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Mo mọ ìbuwọ́lùwé rẹ̀ dáadáa, a ti jọ máàkì ìwé ìdánwò fún ọdún púpọ̀. Mo bá a kọ aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo bá a buwọ́ lù ú, mo fi ìrù kékeré sídìí rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Inú mi ń dùn láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá ṣe é. Kí n má purọ́ fún ọ, ó dà bíi pé a jọ wà níbẹ̀ ni, orúkọ tirẹ̀ àti tèmi nínú ìwé kan náà. Nírọ̀lẹ́ mo máa ń pè é, á béèrè omi, mo máa ní kò ì tí ì dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò lọ. Ọjọ́rú, kò lọ. Mo ní iná ni wọn ò mú wá ní àdúgbò rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo ra ọsàn, mo gun ọ̀kadà, mo sọ̀ ní ìkóríta ilé rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yà, mo gbọ́ ikọ́ nínú ilé kan, kì í tilẹ̀ ṣe ilé rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. O mọ bí ikọ́ ṣe ń lé ènìyàn sá nígbà yẹn. Mo yíjú padà, mo lọ sílé, mo sì dá nìkan jẹ ọsàn náà.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni akọ̀wé kóòtù gbé ìwé wá fún hẹ́dímásítà wa. Ṣe ni ilé ẹ̀kọ́ dàrú. Àǹtí Àgbà ti pe ìjọba lẹ́jọ́, òun àti òbí ọmọ méjì, bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà àti ìyá kan tó ń ránṣọ. Ohun tí wọ́n ń bẹ kóòtù fún kò pọ̀: kí wọ́n má tíì kó àwọn ọmọ wọlé títí omi yóò fi wà, tí wọn yóò sì dín èrò kíláàsì kù. Ìgbà tí mo ṣì ń fi ọwọ́ ara mi sáìnì fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti lọ búra nílé ẹjọ́ pé òun ò fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tì í pa, nítorí ibẹ̀ ò bójú mu fún ènìyàn. Kò sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fa èmi náà wọ ọ̀rọ̀ òun. Mo gbọ́ ìròyìn náà tán, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúkọ rẹ̀ tí mo ti bá a sáìnì láàárọ̀ ọjọ́ náà ń wò mí.

Ìlú pín sí méjì lórí ẹjọ́ náà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Àǹtí Àgbà tọ̀nà. Àwọn mìíràn bú u gidigidi. Alhaja kan tó ń ta aṣọ lọ́jà sọ lójú mi pé, "Ọmọ olówó ń kàwé lórí fóònù, tiwa ń kiri ọsàn lójú títì. Àwọn olùkọ́ wá ní ká ṣì dúró. Títí dìgbà wo?" Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Jẹ́ kí n sì jẹ́wọ́ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: èmi gan-an fẹ́ kí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ilé mi ti fẹ́ gba orí lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ ariwo, mo fẹ́ kí ọmọ kan wá fa aṣọ mi pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Títí dòní mi ò mọ bí èyí ti pọ̀ tó nínú ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ ẹjọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, mi ò lẹ́ni tí èjìká rẹ̀ kan tèmi. Lọ́yà Àǹtí Àgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, sọ̀rọ̀ dáadáa nípa omi àti èrò kíláàsì, adájọ́ sì ń mi orí. Ọkàn mi ń sọ pé wọ́n máa borí. Lọ́yà ìjọba wá dìde, ó gbé táìmù-búùkù wa sókè. Mo mọ̀ ọ́n kó tó ṣí i. Mo mọ ibi tí kọ́fíì ti dà sí i lára. Ó ní obìnrin tó búra pé òun ò fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ nìyí, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi wá sẹ́nu iṣẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ó ní bí ó bá lè purọ́ lórí èyí, kí ni kóòtù máa gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ omi?

Adájọ́ ní kí Àǹtí Àgbà bọ́ síbi ìjẹ́rìí, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti ẹ̀yìn tí mo wà, bó ṣe ń ha.

"Ṣé ọwọ́ yín nìyí, mà?" Lọ́yà ìjọba ló béèrè.

"Orúkọ mi nìyẹn."

"Mi ò béèrè orúkọ. Mo ní ṣé ọwọ́ yín ni?"

Ó tún ṣí ojú ewé mìíràn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n dìde ni, kí n ní, "Olúwa mi, ọwọ́ mi ni." Gbólóhùn kan péré. Ó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bóyá kó tún gbé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n yóò yọ obìnrin náà nínú orúkọ òpùrọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú. Mi ò dìde. Àǹtí Àgbà gbé ojú sókè, kò wo ẹ̀yìn rárá. Ó ní, "Mo ti sọ ohun tí mo ní í sọ, Olúwa mi."

Adájọ́ ní ẹni tó bá ń wá ẹ̀tọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Ó da ẹjọ́ náà nù. Bíríkìlà yẹn kọjá lára Àǹtí Àgbà lẹ́nu ọ̀nà, kò kí i. Ìyá tó ń ránṣọ ní, "Ẹ ti bà wá jẹ́, mà," ó sì bú sẹ́kún. Èmi gba ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ jáde.

Àwọn ọmọ wọlé. Omi inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń gbé látilé wá ni a fi ń fọwọ́ fún wọn. Ọlọ́run ṣàánú, kò sẹ́ni tó kú nínú wa, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ fi Àǹtí Àgbà ṣe ẹlẹ́yà pé, "Àrùn tó ń pariwo rẹ̀ dà?" Kí táàmù náà tó parí, ó ti kọ̀wé fẹ̀yìn tì. Ó kó lọ sí Ìjagbó, sí ilé baba rẹ̀. Mi ò bá a kẹ́rù. Ariwo tí mo fẹ́ ti dé, ọmọ méjìdínláàádọ́rin ń ké "Àǹtí! Àǹtí!" sí mi létí, ṣùgbọ́n mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí ó kù mí ku aláǹgbá nínú ilé. Láàárọ̀, bí mo bá fẹ́ buwọ́ lu táìmù-búùkù, orúkọ ẹlòmíràn ni mo ń rí lókè tèmi.

Ìjagbó ò jìnnà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà á gbé ọ débẹ̀ kí o tó parí ìtàn tí o ń sọ. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó débẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan ni mo di ọ̀dùnkún sínú láílọ́ọ̀nù, mo lọ. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ̀wà nínú atẹ. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mísíìsì. Ẹ dìde." Òun tí kì í pè mí ní nǹkan mìíràn ju àbúrò mi lọ. "Ẹ" tó fi kí mi yẹn dùn mí dọ́kàn ju èébú lọ.

Mo ní, "Mà, èmi ni mo buwọ́ lùwé yẹn."

Kò dá atẹ dúró. "Mo mọ̀. Ta ló tún lè jẹ́? Ìwọ nìkan lo mọ ìrù tó wà nídìí rẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí, mà. Mo rò pé wọ́n máa lé mi níṣẹ́."

"Wọn ì bá lé ọ. Èmi náà rò ó. Bí mo bá ní ọwọ́ mi kọ́, wọ́n á ní ọwọ́ ta ni. Ọkọ rẹ ò sì ríṣẹ́ nígbà náà." Ó ṣa òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú sílẹ̀. "Ti kóòtù ò dùn mí. Mo ti dárí jì ọ́ lórí ìyẹn kí n tó kúrò níbi ìjẹ́rìí."

Mo fẹ́ máa dúpẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Nínú ọjọ́ mọ́kànlá tí o fi sáìnì fún mi," ó ní, "mo fi mẹ́ta sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ mi. Ikọ́ fée ló dè mí mọ́lẹ̀. Oògùn inú ẹ̀rọ mi ti tán, fóònù mi kú, kò síná. Mo ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fi rán bàbá ọlọ́dẹ sí hẹ́dímásítà, torí mo mọ̀ pé àyè mi máa ṣófo, bàbá á sì wá. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò wá, mo ní bóyá àrùn ló ń sá fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí èémí ò tó mi mí mọ́, òun náà ni mo ṣì ń retí. Aago mẹ́wàá á lù, mo máa tẹ́tí sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ni obìnrin tó máa ń gbé ẹ̀kọ wá fún mi gbọ́ bí mo ṣe ń mí lójú fèrèsé, ló bá fọ́ ilẹ̀kùn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Mo dúró ní ìkóríta rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Mi ò lè sọ ọ́. Mo sunkún, ó fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nínú ìwé yẹn, mo wà níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kò sì sẹ́ni tó wá wo ibi tí mo wà." Ó gbé atẹ, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ó gbé ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún wá fún mi, ó ní kí n jẹun kí n tó máa lọ. Mo jẹ ẹ́. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kílé, Mísíìsì."

Ọkọ mi ti padà ríṣẹ́, ẹ́ńjìnnì omi tuntun ti wà nílé ẹ̀kọ́ wa, kò sì sẹ́ni tó ń rántí mọ́ pé ẹnì kan ti jà fún un rí. Èmi ni igbákejì hẹ́dímásítà báyìí, ọwọ́ mi sì ni táìmù-búùkù wà. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ò fẹ́ràn mi. Bí wọ́n bá pè mí láàárọ̀ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáìnì," mo máa ní rárá. Wọ́n rò pé ìkà ni mí, wọ́n ti sọ mí ní Àǹtí Bírò Pupa lẹ́yìn mi. Wọn ò mọ̀ pé mo ti bá ẹnì kan sáìnì rí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, ìfẹ́ yẹn ni mo sì fi dí àyè rẹ̀ pa, débi tí ẹni tó yẹ kó wá a kò fi mọ̀ pé kò sí.

Mo ṣì máa ń lọ sí Ìjagbó lóṣooṣù. A máa ń sọ̀rọ̀, a máa ń rẹ́rìn-ín pàápàá. Mísíìsì ló ṣì ń pè mí. Bàbá ọlọ́dẹ ti darúgbó, ó ti gba ilé rẹ̀ lọ, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, bí aago mẹ́wàá bá lù tí mo sì rí i pé àyè kan ṣófo, mi ò fi bírò kàn án. Bàgì mi ni mo máa ń gbé, mo máa dá ọ̀kadà dúró ní géètì, mo máa lọ kan fèrèsé onítọ̀hún, mo máa ní, "Mo ní kí n wá wò ó bóyá ẹ wà láyé."